Ẹni Tí Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Kì Í Di Odindi Nínú Rẹ̀

Àwọn àgbà ilẹ̀ wa ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, yóò di odindi. Kò sí ọmọ tí ó jókòó níwájú wa ní ilé-kéú láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn tí kò gbọ́ òwe yìí lẹ́nu wa. A fi kọ́ ọmọdé, a fi bá àgbà wí, a tilẹ̀ sọ ọ́ di òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ènìyàn. Ẹni tí àbọ̀ ọ̀rọ̀ bá yé, a ní ó gbẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí kò bá yé, a ní wọn kò kọ́ ọ nílé. Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa lónìí nìyí: bí ẹnì kan bá wà tí àbọ̀ ọ̀rọ̀ kì í di odindi nínú rẹ̀, tí kì í ṣe pé ó kọ etí ikún, tí kì í ṣe pé wọn kò kọ́ ọ, ṣùgbọ́n tí Ọlọ́hun dá ọpọlọ rẹ̀ lọ́nà tí ó yàtọ̀, ṣé a ó ṣì sọ pé onítọ̀hún kì í ṣe ọmọlúàbí?

Ẹ̀yin èwe wa àti ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe rò pé a fẹ́ fi ọgbọ́n orí ṣeré. Ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwa tí a ń kọ ọ́ lára, ó sì dùn wá.

Ní ọdún 2004, wọ́n yan ènìyàn mẹ́ta láti parí ìjà láàárín tọkọtaya kan. Àwa ni a kéré jù nínú àwọn mẹ́ta náà. Ọkọ jẹ́ olùkọ́ kéú bíi tiwa, ẹni ọdún 32 nígbà náà. A ti gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí a tó kọ ìtàn yìí, ṣùgbọ́n a kò ní dárúkọ rẹ̀, a kò sì ní dárúkọ ìlú. Kí ó tó pé ọdún 12 ni ó ti há Alùkùráánì sórí tán. Bí o bá ka gbólóhùn kan sí i létí, kí ẹnu rẹ tó padé ni yóò ti sọ súrà tí ó ti jáde àti áyà tí ó jẹ́. Kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Kì í purọ́. Kì í jẹ owó ọmọ tálákà. Síbẹ̀, ẹnu ayé kò kúrò lára rẹ̀.

Wọ́n ní kì í kí ènìyàn. Wọ́n ní bí ó bá kí ọ ní òwúrọ̀, tí ẹ sì tún pàdé ní ọ̀sán, yóò kọjá lára rẹ bí ẹni tí kò rí ọ rí, nítorí pé ó ti kí ọ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní ní ibi wòlímọ̀ kan, ó dìde láàárín èrò, ó sì tún kíkà àfáà àgbà kan ṣe lójú gbogbo àlejò, nítorí àmì kan ṣoṣo tí àfáà náà ṣì kà. Wọ́n ní kì í dúró ní òde ìnáwó, pé bí wọ́n bá ti tan gbohùngbohùn, yóò fi ọwọ́ méjèèjì di etí, yóò sì sá lọ sílé. Bí ó bá yà nílé rẹ nígbà tí o ń jẹun, tí o sì sọ pé, “Ọwọ́ rẹ bá wa o,” gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ti ń sọ ọ́ láìní in lọ́kàn, yóò fọ ọwọ́, yóò sì jókòó ti abọ́.

Ìyàwó sọ tirẹ̀ tẹkúntẹkún. Ó ní nígbà tí ìyá òun kú, tí ilé kún fún ẹkún, ọkọ òun wọlé, ó ka iye ènìyàn tí ó wà nílẹ̀, ó bèèrè bóyá wọ́n ti ra lìkáfànì, ó san owó rẹ̀, ó sì jáde. Kò kí òun kú àràfẹ́rakù. Kò jókòó ti òun. Ó ní, “Ẹ̀yin àfáà, bí mo bá ń kú lọ lórí ibùsùn, àfi bí mo bá fi ẹnu mi sọ fún un pé mo ń kú lọ ni yóò fi mọ̀.”

A bi ọkọ léèrè. Kò sẹ́ ọ̀kankan nínú rẹ̀. A wá sọ fún un pé kí ó lọ tún ìwà rẹ̀ ṣe. Ló bá yọ bírò àti ìwé láti inú àpò, ó ní, “Ìwà wo àti ìwà wo ni? Èwo ni kí n kọ́kọ́ tún ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí n lè kọ wọ́n sílẹ̀.”

Ojú wa yí padà. Àgbà inú wa dìde, ó ní òun kò wá síbẹ̀ kí ọmọdé kan wá fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Àwa tí ọjọ́ orí wa kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ti ọkùnrin náà, a kò sọ pé ẹ jẹ́ kí a kà á fún un. A ní ìgbéraga ni, pé Alùkùráánì tí ó há sórí ni ó ń gùn ún. Ọ̀rọ̀ tí ó jáde lẹ́nu wa nìyẹn, ó sì di orúkọ tí ìlú ń pè é. Ọdún náà kò parí tí ìgbéyàwó fi túká.

Ní 2013, ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2018, nígbà tí ó di ẹni ọdún 46, àwọn dókítà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀ sọ fún un pé ohun tí ó ń bá a gbé láti kékeré ní orúkọ, pé ọ́tísíìmù ni wọ́n ń pè é. Ó kọ ìwé sí wa. Kò bú wa. Lẹ́yìn kíkí, ìlà kan péré ni ó wà níbẹ̀: “Wọ́n ti bá mi kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì ti kọ wọ́n sílẹ̀.” A gbé ìwé náà kalẹ̀. A kò lè jẹ oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ náà.

Kí ni ọ́tísíìmù?

Kì í ṣe wèrè. Kì í ṣe àǹjọ̀nú. Kì í ràn. Ọ̀nà tí ọpọlọ gbà dàgbà ni, láti ìgbà tí ọmọ ti wà ní kékeré, tí ó fi yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ó ń hàn ní apá méjì. Apá kìíní ni bíbá ẹlòmíràn lò: kí ènìyàn ka ojú, kí ó mọ ohun tí ohùn ń sọ yàtọ̀ sí ohun tí ọ̀rọ̀ ń sọ, kí ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun dákẹ́. Apá kejì ni dídúró lórí nǹkan kan náà: ọ̀nà kan náà lójoojúmọ́, oúnjẹ kan náà, ìmọ̀ kan tí onítọ̀hún yóò wà lọ bí kànga, àti ara tí ń gba ariwo, ìmọ́lẹ̀ tàbí aṣọ kan ju bó ti yẹ lọ. Ẹlòmíràn wà nínú wọn tí kò lè sọ̀rọ̀ títí ayé, tí ó nílò ìtọ́jú tọ̀sán-tòru. Ẹlòmíràn wà tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ ti àwọn tí wọ́n lè sọ̀rọ̀, tí wọ́n ti dàgbà, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó ń ṣe wọ́n, tí àwọn fúnra wọn kò sì mọ̀, ni a fẹ́ sọ.

Dókítà Leo Kanner ni ó kọ̀wé nípa ọmọ 11 ní ìlú Baltimore, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1943. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Hans Asperger kọ tirẹ̀ ní ìlú Vienna. Ṣùgbọ́n obìnrin dókítà kan ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, Grunya Sukhareva, ti ṣàpèjúwe irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní 1926, àwọn ènìyàn kò sì fi bẹ́ẹ̀ ka ìwé rẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà ni ohun ìtìjú kan ṣẹlẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ń sọ pé ìyá ni ó fà á, pé ìyá tí ọkàn rẹ̀ tutù bíi yìnyín, tí kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀, ni ọmọ fi ń sá wọ inú ara rẹ̀ lọ. Ẹ wo iye abiyamọ tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí pa lójú! Ọdún 1964 ni Bernard Rimland, tí òun náà bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kọ ìwé tí ó fi já irọ́ náà. Ní 1977, Susan Folstein àti Michael Rutter yẹ àwọn ìbejì wò, wọ́n sì rí i pé bí ìbejì bá jọ ara wọn láti inú ẹyin kan náà, tí ọ̀kan bá ní i, ó sábà máa ń hàn lára èkejì ju ti àwọn ìbejì yòókù lọ. Láti inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé ni ó ti ń wá jù, kì í ṣe láti inú ìwà ìyá. (Àwọn tí wọ́n sì ń sọ pé abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ó ń fà á, kí wọ́n mọ̀ pé ìwé tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1998, àwọn tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ti fà á padà ní 2010 nítorí àbòsí tí ó wà nínú rẹ̀.) Àwa náà kò sàn ju àwọn òyìnbó yẹn lọ. Bí ọmọ bá yàtọ̀ ní ilẹ̀ wa, ìyá ni a kọ́kọ́ ń wò: kí ló jẹ nígbà oyún, ta ló ṣẹ̀, irú ọwọ́ wo ló fi gbé ọmọ?

Ẹni tí ó bá bèèrè pé báwo ni ènìyàn ṣe lè gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ogójì tàbí àádọ́ta ọdún láìmọ̀, kí ó wo àwọn ọdún wọ̀nyí. Ọdún 1980 ni ìwé tí àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ń ṣiṣẹ́ tó ya ọ́tísíìmù sọ́tọ̀ fún ara rẹ̀, ti ọmọdé ni wọ́n sì fi ṣe. Ọdún 1981 ni Lorna Wing, dókítà obìnrin kan ní London, tó ṣàlàyé fún ayé pé àwọn kan wà tí ó mọ́ lára wọn, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ geere, tí wọ́n sì gbọ́n. Títí di 1994, ìwé àwọn dókítà Amẹ́ríkà yẹn kò ní àyè fún irú wọn. Ní 2013 ni wọ́n pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Nítorí náà, ẹni tí ó ti jáde ilé ìwé ní 1985, ta ni ì bá dá a mọ̀? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí láti ojúlé dé ojúlé láàárín àwọn àgbàlagbà ní 2007, wọ́n rí i pé nǹkan bí ẹnì kan nínú 100 ni ó ní ọ́tísíìmù, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀ pé ó ń ṣe wọ́n. Àwọn obìnrin tún wà tí wọ́n kọ́ bí wọn yóò ṣe fi ara pamọ́: wọ́n ń wo bí ẹlòmíràn ti ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń rín in bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, nígbà tí wọ́n bá dé ilé, àárẹ̀ yóò gbé wọn ṣánlẹ̀.

Ìdí tí àwa kò fi rí i

Ní ilẹ̀ wa, ohun mìíràn tún wà tí ó ń bo ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀, a kò sì tíì rí ẹni tí ó sọ ọ́. Ọ̀kan nínú àmì tí àwọn òyìnbó fi ń fura ni pé ẹni náà kì í wo ojú ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ tí ó bá tẹjú mọ́ àgbà ni a ń lù! Èyí tí kì í wo ojú ni a ń yìn. Àmì kejì ni pé ó ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ, pé ó ń há nǹkan sórí bí ó ti rí gan-an. Ní ilé-kéú, ẹ̀bùn ni a ń fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gbà. Ohun tí dókítà ìbá fi mọ̀ ọ́n ni a fi ń gbà á mọ́ra nígbà èwe.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá dàgbà, ohun mìíràn ni a máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà, a sì fẹ́ kí ó kà á. Ẹ kú tí a ní nínú èdè Yorùbá, ta ló mọ iye rẹ̀? Ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ewu, ẹ kú àtijọ́, ẹ kú ìjókòó. Ọkùnrin wa sọ fún wa lórí tẹlifóònù pé òun fi ọdún méjì kọ wọ́n sínú ìwé bí ẹni tó ń kọ́ èdè àjèjì, pé òun mọ gbogbo wọn, pé mímọ ìgbà tí ọ̀kan parí tí òmíràn bẹ̀rẹ̀ ni kò yé òun. Ẹni tí kò bá rọrùn fún láti mọ èyí ní ìlú tí ìkíni kò jẹ́ nǹkan púpọ̀, ó lè gbé ayé rẹ̀ láìsí ẹni tí yóò kíyè sí i. Ní Ìbàdàn tàbí Ìlọrin, ọ̀sẹ̀ kan kò ní pé kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ.

Orúkọ tí a ń sọ wọ́n sì nìyí: onígbèéraga, aláìmoore, ọ̀dájú, òpònú, ẹni tí ayé ń ṣe. Ọ̀kọ̀ọ̀kan orúkọ wọ̀nyí jẹ́ àyẹ̀wò, bí a kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá pe ọmọnìkejì rẹ̀ ní ọ̀dájú ti ṣe iṣẹ́ dókítà, ó ti sọ ohun tó ń ṣe onítọ̀hún àti ibi tí ó ti wá, kò sì bèèrè ìbéèrè kan. Ìgbéraga, inú ọkàn ni ó ń gbé. Ta ló la àyà ọkùnrin náà wò nínú àwa mẹ́ta?

Ìtàn kan wà nínú àkójọ Abu Dawud tí gbogbo wa ń kà fún ọmọ nígbà tí a bá ń kọ́ wọn ní ìmọ́ra. Àwọn kan wà lójú ìrìn-àjò, òkúta ba orí ọ̀kan nínú wọn, ó fọ́ ọ. Ìwẹ̀ jánábà wá di dandan fún un, ó sì bi àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bóyá àyè wà fún òun láti fi erùpẹ̀ dípò omi. Wọ́n ní kò sí àyè, omi ṣáà wà. Ó wẹ̀, ó sì kú. Nígbà tí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a) gbọ́, inú bí i gidigidi. Ó ní àwọn ni wọ́n pa á, ó sì bèèrè ìdí tí wọn kò fi bèèrè nígbà tí wọn kò mọ̀. Ọdún púpọ̀ ni a fi ka ìtàn yìí fún ọmọ bí ọ̀rọ̀ omi àti erùpẹ̀ lásán.

Ṣé orúkọ tuntun lè tún ayé ẹni ṣe?

Àwọn kan ń sọ pé kí ni orúkọ òyìnbó fẹ́ ṣe fún ẹni tí ó ti di àgbàlagbà? Kò sí oògùn rẹ̀. Bàbá wa àti ìyá wa bá irú wọn gbé láìsí orúkọ. Ọ̀rọ̀ yìí ní òótọ́ nínú, a kò ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Donald Triplett, tí ó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ 11 tí Kanner kọ̀wé nípa wọn, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta ni wọ́n gba àwọn òbí rẹ̀ níyànjú láti fi í sí ilé tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ sí. Nígbà tó ṣe, wọ́n mú un padà wálé. Ó dàgbà sí ìlú kékeré tí ń jẹ́ Forest ní ìpínlẹ̀ Mississippi, ó lọ sí yunifásítì, ó ṣiṣẹ́ ní báńkì, ó ń gbá gọ́ọ̀fù, ó ń wa ọkọ̀, ó rìnrìn àjò yí ayé ká, gbogbo ìlú sì mọ̀ ọ́n bí ó ti rí. Ẹni ọdún 89 ni nígbà tí ó kú ní 2023. Ìlú tí ó gba ènìyàn láàyè ṣe ohun tí oògùn kò lè ṣe. Ní abúlé tiwa náà, ẹni tí ó mọ ìtàn ìdílé gbogbo láìṣì kan, tí kì í sì í bá ènìyàn ṣeré, àyè wà fún un nígbà kan.

Ṣùgbọ́n kí àwọn tí ń sọ̀rọ̀ báyìí má ṣe gbàgbé àwọn tí kò rí àyè. A mọ èyí tí wọ́n dè mọ́lẹ̀. A mọ èyí tí wọ́n fi ẹgba lé àǹjọ̀nú kúrò lára rẹ̀ títí ara rẹ̀ fi bó, àwọn kan tí wọ́n ń pe ara wọn ní àfáà ni wọ́n sì ṣe é. Ẹni tí a kò bá fún ní orúkọ tòótọ́, kì í wà láìlórúkọ. Olórin ilẹ̀ Scotland nì, Susan Boyle, tí gbogbo ayé gbọ́ ohùn rẹ̀ ní 2009, láti kékeré ni wọ́n ti sọ fún un pé ọpọlọ òun ti bàjẹ́ nígbà tí wọ́n ń bí òun. Orúkọ yẹn ni ó gbé lọ sí ilé ìwé, tí àwọn ọmọ fi ń fi í ṣẹ̀sín, ó sì gbé e títí ó fi lé ní ẹni àádọ́ta ọdún. Ní 2013 ni ó sọ fún àwọn oníròyìn pé àwọn dókítà ti yẹ òun wò dáadáa, pé ọpọlọ òun kò bàjẹ́, irú ọ́tísíìmù tí wọ́n ń pè ní Asperger nígbà náà ni. Ara tù ú. Ara rẹ̀ kò yí padà, ohùn rẹ̀ kò yí padà. Irọ́ tí ó ti gbà gbọ́ nípa ara rẹ̀ ni ó jábọ́ lórí rẹ̀.

Orúkọ kì í ṣe oògùn. Ṣùgbọ́n ó ń lé oògùn tí kì í ṣe tirẹ̀ jìnnà. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni wọ́n ti fún ní oògùn àwọn tí ń gbọ́ ohùn lójú asán, nígbà tí dókítà bi wọ́n pé, “Ṣé o ń gbọ́ ohùn?” tí wọ́n sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, nítorí wọ́n ń gbọ́ ohùn dókítà náà gan-an. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Odindi ni ẹni tó ni ọ̀rọ̀ yìí fi ń gbọ́ ọ.

Àyẹ̀wò tí ó tọ́ kò yára

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé yìí ni a fẹ́ kí ẹ̀yin èwe tẹ́tí sí jù. Ní báyìí tí fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, àṣìṣe ti gba ọ̀nà kejì. Ọmọ ọdún 19 kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa wá bá wa, ó ní òun ti dáhùn ìbéèrè 50 lórí fóònù, àmì tí òun gbà sì pọ̀, nítorí náà òun ní ọ́tísíìmù, kí a bá òun sọ fún ìyá òun. Ìbéèrè 50 náà, àwọn ọ̀mọ̀wé gidi ni wọ́n gbé e jáde, Simon Baron-Cohen àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cambridge, ní 2001. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣe é láti fi mọ ẹni tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò síwájú sí i ni. Kì í ṣe ìdájọ́. A jókòó ti ọmọ náà. A bi í pé láti ìgbà wo? Ó ní láti ọdún tó kọjá. Àwa sì mọ̀ pé ọdún tó kọjá ni bàbá rẹ̀ kú, pé kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, òun ni aláwàdà kíláàsì. Ọ́tísíìmù kì í bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 18. A mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, wọ́n rí i pé ìbànújẹ́ tí ó ti di àìsàn ni, kò sì sùn dáadáa láti oṣù mélòó kan. Ìyẹn ní ìtọ́jú, ó sì gba ìtọ́jú. Ká ní a ti jókòó lé orúkọ tí ó mú wá ńkọ́?

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ti ṣe ti ọkùnrin wa. Ó dúró lórí ìlà ju ọdún kan lọ kí ó tó kàn án. Ó lọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Wọn kò fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọn kò ya fọ́tò ọpọlọ rẹ̀, nítorí títí di òní kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí fọ́tò tí ó lè fi ọ́tísíìmù hàn. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń wá a, àti ojú tí ń ṣọ́ni, àti ìtàn ìgbà èwe. Wọ́n kọ́kọ́ yẹ etí rẹ̀ wò, bóyá kò gbọ́ràn ni. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wásíwásì ni, bóyá ìbẹ̀rù èrò ni, bóyá ìyà kan jẹ ẹ́ nígbà èwe tí ó pa á lẹ́nu mọ́. Wọ́n rí ìbànújẹ́ nínú rẹ̀ pẹ̀lú, ti ìgbéyàwó tí ó túká, wọ́n sì kọ ìyẹn sọ́tọ̀, nítorí nǹkan méjì lè wà lára ẹnì kan.

Wọ́n wá ní àwọn fẹ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ní kékeré. Ìyá ti kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó fi ọdún mẹ́sàn-án jù ú, tí ó pọ̀n ọ́n dàgbà, ni ó lọ. Ó rántí pé ní ọmọ ọdún mẹ́ta, páálí ìṣáná ni ó máa ń tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, bí ẹnì kan bá sì sún ọ̀kan, yóò sunkún títí yóò fi bì. Ó rántí pé bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ kò ní wẹ̀yìn, wọ́n tilẹ̀ rò pé adití ni, ṣùgbọ́n bí rédíò bá ń ka Alùkùráánì ní ilé kẹta, yóò sáré lọ síbẹ̀. Dókítà sọ pé òun ti ṣàkíyèsí pé kì í wo ojú ẹni. Ẹ̀gbọ́n ní ẹ jọ̀ọ́, bí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ nílé wa nìyẹn. Dókítà gbé bírò rẹ̀ kalẹ̀, ó ní, “Àwọn àbúrò rẹ̀ ńkọ́? Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ńkọ́?” Obìnrin náà ronú pẹ́. Ó ní, “Kò wo ojú ẹnikẹ́ni rí. Àní ojú ọmọ ọwọ́ pàápàá.” Ìbéèrè kejì yẹn ni ó ya àṣà ilẹ̀ wa kúrò lára ẹni náà. Dókítà tí kò bá bèèrè rẹ̀, ó lè sọ gbogbo ọmọ Yorùbá tí ó gbẹ́kọ̀ọ́ di ẹni tó ní ọ́tísíìmù. Èyí tí ó bá sì gba ìdáhùn àkọ́kọ́ gbọ́, yóò ní kò sí nǹkan kan.

Ẹ̀yin òbí, ìdí rèé tí a fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí lára ọmọ yín sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti ọdún. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan lè wá a kí ẹ má sì sí níbẹ̀ mọ́.

Nílé níbí, àwọn dókítà ọpọlọ wà ní Àró ní Abẹ́òkúta, ní Yábàá ní Èkó, ní UCH ní Ìbàdàn. Àwọn tí wọ́n mọ ọ́tísíìmù nínú àgbàlagbà dunjú kò pọ̀, owó sì ń lọ sí i. Ohun tí ó ń dá ọ̀pọ̀ dúró ju owó lọ ni orúkọ ibẹ̀. Bí ènìyàn bá dárúkọ Àró, ará ilé yóò fi ọwọ́ bo ẹnu. Àwa ti bá ẹnì kan lọ síbẹ̀ ní ojú ọ̀sán gangan, ẹni tí ó rí wa rí wa.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìyàwó. A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé nítorí a ti mọ orúkọ ohun tó ń ṣe ọkọ, ìyà tí ó jẹ ìyàwó di irọ́. Ẹkún tí ó sun ní ọjọ́ náà, ẹkún òtítọ́ ni. Ẹni tí ìyá rẹ̀ kú tí kò sí ẹni tí yóò jókòó tì í, ìyà jẹ ẹ́, bí ẹni tó yẹ kí ó jókòó kò tilẹ̀ mọ̀. Ó lè jẹ́ pé ìgbéyàwó náà yóò túká síbẹ̀ bí a bá mọ̀ ní 2004. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ kò sọ pé ọ́tísíìmù gba ẹ̀bi kúrò lọ́rùn òun. Ó ní òun jẹ obìnrin náà ní gbèsè ìbéèrè kan, pé kí òun bi í ní gbogbo ọjọ́ pé, “Báwo ni inú rẹ ti rí lónìí?” kí òun má dúró de ojú rẹ̀ láti sọ ọ́ fún òun. Bí ó bá mọ̀ pé ojú kò lè sọ ọ́ fún òun, ì bá ti máa bèèrè. Kò mọ̀. Obìnrin náà kò mọ̀. Àwa tí wọ́n pè wá láti mọ̀, a sọ ọ́ lórúkọ, a sì lọ sílé lọ jẹun.

A sọ gbogbo èyí fún ìyàwó àtijọ́ náà, pẹ̀lú àṣẹ ọkọ. Ó ti ní ilé mìíràn, ó sì ti bímọ. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Nítorí náà, lìkáfànì tó san owó rẹ̀ yẹn, bí ó ti mọ̀ ọ́n bá mi kẹ́dùn nìyẹn?” A kò mọ èsì tí a ó fún un.

Àgbà inú wa ti di ẹni Ọlọ́hun. Àwa méjì tó kù ṣì wà nínú ìgbìmọ̀ náà. Ìwé àti bírò máa ń wà lórí tábìlì níwájú ẹni tí a bá pè. Bí ó bá ní kí a ka ẹ̀sùn òun ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí òun lè kọ ọ́ sílẹ̀, a ń kà á.